Alábàárù Kì í Ṣe Olùrànlọ́wọ́: Lórí Orúkọ Àwọn Iṣẹ́ tí ń Yá Ààyè nínú Kọ̀ǹpútà

Obìnrin tí ó bá ra iṣu àti èlùbọ́ ní Ọjà'ba, tí ó sì fẹ́ gun òkè Mápó kí ó tó sọ̀kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, kì í kígbe pé kí olùrànlọ́wọ́ kan wá. Alábàárù ni ó ń pè. Orúkọ náà ti sọ ohun tí ó yẹ kí àwọn méjèèjì mọ̀ kí wọ́n tó dúnàá-dúrà: pé ẹrù ni ó wà nílẹ̀, pé ẹrù náà kì í ṣe ti ẹni tí yóò rù ú, pé owó wà nídìí rẹ̀, àti pé ibi tí wọ́n bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ ni àdéhùn parí sí. Ẹni tí ó ń ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó sì ń tún un tà, alágbàtà ni orúkọ tirẹ̀. Ẹni tí ó dúró láàárín ẹni méjì tí wọn kò mọ ara wọn, alárinà ni. Ẹni tí ó ń bá ẹlòmíràn tọ́ ọmọ, alágbàtọ́ ni. Gbogbo wọn ni wọ́n ń ran ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pè wọ́n, nítorí pé ẹni tí ó bá gbé ẹrù rẹ̀ fún alágbàtà níbi tí alábàárù ni ó yẹ kí ó gbé e fún lè wá ẹrù náà títí kí ó má rí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà gbọ̀ngbọ̀n. Nínú kóòdù tí wọ́n fi kọ ètò ìdarí kọ̀ǹpútà, àwọn ẹyọ kéékèèké wà tí olúkúlùkù wọn ní orúkọ tirẹ̀, tí ìyókù ètò náà sì lè ké sí nígbà tí ó bá nílò wọn. Iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó bá ẹyọ bẹ́ẹ̀ mu. Lára àwọn iṣẹ́ náà, àwọn kan tóbi, àwọn ni wọ́n ń ṣe làálàá gan-an. Àwọn mìíràn kéré, wọ́n kàn dúró síwájú àwọn ńláńlá náà láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó ké sí wọn, kí wọ́n tún un tò díẹ̀, kí wọ́n sì gbé e wọlé. Àwọn kéékèèké yìí ni Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ olùrànlọ́wọ́ pè, kíákíá ni ìtumọ̀ náà sì máa ń bọ́ sí ẹnu olùtumọ̀: iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́. Ìtumọ̀ náà kò ṣì. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí ó gbọ́ ọ, bí ìgbà tí ènìyàn bá pe gbogbo ará Ọjà'ba ní òṣìṣẹ́.

Ibi tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe ìpalára jùlọ ni apá ètò ìdarí tí ń bójú tó ààyè. Àwọn ìwé kan ń pe ààyè yìí ní ìrántí nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ ètò kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú nípa ìrántí. Ààyè ni ó ń wá, iye báìtì báyìí, ní ojúlé báyìí. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀ lóde òní, ètò ìdarí tí ń jẹ́ Linux gé ààyè náà sí ojú-ìwé, tí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ báìtì 4096. Ètò kankan kò gbọdọ̀ kàn jókòó síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bèèrè. Bí ó bá sì lò ó tán, ó gbọ́dọ̀ dá a padà. Bí kò bá dá a padà, ààyè yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi dákú. Bí ó bá dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ti wà nínú rẹ̀ nígbà kejì, ilé onílé ni ó sì dà wó yẹn. Irú àṣìṣe kejì yìí wà lára àwọn ọ̀nà tí àwọn ọlọ́ṣà orí ẹ̀rọ fi ń wọlé. Nítorí náà, orúkọ tí iṣẹ́ kan bá ń jẹ́ níhìn-ín kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Kí ni bíbèèrè ààyè yìí ń jẹ́ ní Yorùbá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò yára dáhùn pé pínpín ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá pín fún ènìyàn ti di tirẹ̀. Nígbà tí agbo-ilé kan ní Bẹyẹrúnká bá pín ogún, ìpín tí ó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan kò tún padà sí ọwọ́ àwọn ẹbí ní ìrọ̀lẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà pín ààyè fún ètò òun kò ní ronú àtidá a padà, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ó ṣì í lọ́nà.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó sún mọ́ ọ̀ràn náà ju pín lọ. Èkíní ni wín, èkejì ni yá. Iyọ̀, gàrí àti owó ni ènìyàn ń wín. Èyí tí ó gbà yóò tán, irú rẹ̀ mìíràn ni yóò sì fi san án. Ṣùgbọ́n ọkọ́, àdá, ìkòkò àti aṣọ òde ni ènìyàn ń yá. Èyí tí ó gbà gan-an ni yóò dá padà, kì í ṣe èyí tí ó jọ ọ́. Lóòótọ́, lẹ́nu àwọn ènìyàn òde òní ìyàtọ̀ náà ti ń pa rẹ́, nítorí pé gbogbo ayé ni ó ń yá owó. Síbẹ̀ òun gan-an ni ìyàtọ̀ tí kọ̀ǹpútà nílò. Nínú Linux, ojúlé tí iṣẹ́ kmalloc fi lé ètò kan lọ́wọ́ ni ètò náà gbọ́dọ̀ mú wá fún iṣẹ́ kfree nígbà tí ó bá ń lọ. Bí ó bá mú ojúlé mìíràn wá, kódà kí ààyè ibẹ̀ tóbi tó ti àkọ́kọ́, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn. Yíyá ni èyí, kì í ṣe wínwín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pínpín.

Ẹnìkan lè sọ pé ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn ń fún àlejò ní oko ni ó jọ ọ́ jùlọ, nítorí pé ilẹ̀ ni, ẹni tí ó ń dáko níbẹ̀ kò sì lè tà á. Àfiwé náà dára títí dé ibì kan. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àlejò lè wà lórí ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ààyè inú kọ̀ǹpútà lè padà sí ọwọ́ onílẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Yá ni ó yẹ kí ó borí. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ó má ṣe kúrú jù, yálò wà nílẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti fi ṣe ọ̀rọ̀ àyálò. (Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yá lò lọ́wọ́ Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì kò padà sí ilé olówó rẹ̀ rí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni kí wọ́n bi léèrè.)

Ìdàkejì rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí òmìnira, àwọn kan sì ti tipa bẹ́ẹ̀ ń sọ pé ètò náà tú ààyè sílẹ̀. Ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń tú sílẹ̀, tàbí ẹlẹ́wọ̀n. Ààyè kò sá lọ síbì kankan. Dá padà ni Yorùbá ń sọ nípa ohun tí ènìyàn yá, òun náà sì ni ó rán ayáni létí pé onínǹkan wà.

Nígbà tí ìpìlẹ̀ yìí bá ti dúró, àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí ó yí i ká ni ó kù, àwọn sì ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tí ó bá yá ìkòkò lè bá èérún ọbẹ̀ ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ààyè tí kmalloc ń yáni: ohun tí ẹni ìṣáájú kọ lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nítorí èyí ni Linux fi ní iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ kzalloc, tí ó ń bá ayáni gba ààyè náà, tí ó sì ń rí i dájú pé òdo ni ó kún inú rẹ̀ kí ó tó fà á lé e lọ́wọ́. Lẹ́tà z inú orúkọ náà dúró fún òdo, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ayáni ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ní 2009, wọ́n fi iṣẹ́ mìíràn kún un, wọ́n sì pè é ní kzfree. Èyí ń nu inú ààyè náà kí ó tó dá a padà, kí kọ́kọ́rọ́ àṣírí tàbí ọ̀rọ̀ìwọlé má ba à wà níbẹ̀ de ẹlòmíràn.

Ó dà bí ẹni pé orúkọ méjèèjì bá ara wọn mu, àléébù rẹ̀ sì nìyẹn. Ẹni tí ó bá fi kzalloc yá ààyè lè rò pé kzfree ni òun gbọ́dọ̀ fi dá a padà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ó pa méjèèjì pọ̀ ju lẹ́tà kan lọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; àwọn tí wọ́n sọ kzfree lórúkọ kò wo ilé, ẹ̀gbọ́n ọmọ ni wọ́n wò. Linus Torvalds, tí ó dá Linux sílẹ̀ ní 1991, ni ó tọ́ka sí àléébù náà nígbà tí ọ̀ràn yìí dé iwájú rẹ̀. Àlàyé tirẹ̀ ni pé nínú kzalloc, òdo ṣe pàtàkì sí ẹni tí ó ké sí i. Ṣùgbọ́n nínú kzfree, kò kan ayáni bóyá òdo ni wọ́n fi nù ún tàbí nǹkan mìíràn. Ohun tí ó kàn án ni pé àṣírí wà níbẹ̀. Nígbà tí Linux 5.9 jáde ní oṣù kẹwàá 2020, orúkọ náà ti di kfree_sensitive. Ní àkókò kan náà ni wọ́n tún inú iṣẹ́ náà ṣe, nítorí pé ètò tí ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ gbọ́n ní àgbọ́njù: ó lè wò ó pé ẹnikẹ́ni kò ní ka ààyè náà mọ́, kí ó sì yọ nínù náà kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣedànù. Orúkọ tí ó sọ pé òdo ni yóò fi nù ún kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ èyí. Orúkọ tí ó sọ pé àṣírí wà níbẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí alátùn-únṣe mọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣọ́.

Ẹ̀kọ́ tí Linux fi ọdún mọ́kànlá kọ́ yìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ọ ní Yorùbá. Bí wọ́n bá túmọ̀ kzalloc sí yá-kí-o-gbá-a, ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà ni wọ́n sọ. Bí wọ́n bá pè é ní yálò_òfìfo, ipò tí ayáni yóò bá ààyè náà ni wọ́n sọ, èyí ni ó sì tọ́. Bákan náà, dá_àṣírí_padà sàn ju nù-kí-o-dá-a-padà lọ. Ó tún sàn ju ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun náà lọ pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí ó lè tètè dunni ni ìyẹn ń sọ, kò sì sọ pé àṣírí ni.

Ọ̀ràn mìíràn tí ó gba àròjinlẹ̀ ni ti kvmalloc. Onílẹ̀ méjì ni ó wà nínú Linux. Kmalloc ń yáni ní ààyè tí ó ṣù pọ̀ lójú kan. Ó yá, ṣùgbọ́n ààyè ńlá tí ó ṣù pọ̀ ṣọ̀wọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́ pẹ́. Vmalloc ń ṣa ojú-ìwé jọ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń tò wọ́n bí ẹni pé ojú kan ni wọ́n wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olùkọ̀wé kóòdù ń bèèrè lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́. Bí ìyẹn bá kọ̀, wọn a lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì. Olúkúlùkù sì ń dá iṣẹ́ kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ fún èyí lábẹ́ orúkọ tí ó wù ú. Apá tí ń bójú tó fáìlì ext4 ní tirẹ̀, àwọn apá mìíràn náà ní tiwọn. Ní 2017, nínú Linux 4.12, wọ́n kó wọn jọ sábẹ́ orúkọ kan, kvmalloc. Kvfree, tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀, ni ó ń gba ààyè náà padà: ó ń wo ojúlé tí wọ́n gbé wá, ó sì ń mọ onílẹ̀ tí ó ni ín.

Ìbàdàn mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú tí ó wà lábẹ́ Ìbàdàn kì í bá ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ tààrà. Ìjòyè kan ní Ìbàdàn ni bàbá kékeré rẹ̀. Òun ni ó ń gbé ẹ̀bẹ̀ ìlú náà lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìṣákọ́lẹ̀ àti ohun gbogbo tí ó kan ìlú náà ń gbà kọjá. Bàbá kékeré bá kvmalloc mu ju alárinà lọ, nítorí pé alárinà máa ń kúrò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀, ṣùgbọ́n bàbá kékeré wà níbẹ̀ nígbà gbígbà àti nígbà ìdápadà. Àmọ́ orúkọ náà ní ìtàn lẹ́yìn. Ìlànà bàbá kékeré yìí kan náà ni ó rán ajẹlẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ìwà àwọn ajẹlẹ̀ sì wà lára ohun tí ó fa ogun Kírìjì, tí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn rẹ̀ ní 1886. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Òkè-Mẹ̀sí tí ó bá rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé èdè-ìperí lè fajú ro, kò sì ní jẹ̀bi. Ó sàn kí bàbá kékeré wà nínú àlàyé olùkọ́, kí alárinà sì wà nínú ìwé, títí ọ̀rọ̀ tí ó dára ju méjèèjì lọ yóò fi dé.

Níbì kan Yorùbá tilẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nínú ìlànà kan tí Kenneth Knowlton gbé jáde ní 1965, tí Linux sì ń lò, wọ́n ń la ààyè ńlá sí méjì ọgbọọgba, wọn a tún la ìdajì náà sí méjì, títí yóò fi mọ níwọ̀n ohun tí ayáni ń fẹ́. Bí ìdajì méjèèjì bá padà, wọn a tún so wọ́n pọ̀. Ọ̀rẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìdajì kejì. Ṣùgbọ́n ààyè méjì lè fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, kí ó má sì ṣeé ṣe láti so wọ́n pọ̀, bí wọn kò bá ti ara ẹyọ kan náà jáde. Ìbejì ni wọ́n. Iṣẹ́ kékeré tí ń wá ìdajì kejì náà wà nínú Linux. Wá_ìbejì ni kí ó máa jẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ohun tí ó ń wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ àmì ohùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Bí wọ́n bá kọ gba_aaye sínú kóòdù láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ gbà á ni tàbí wọ́n fẹ́ gbá a? Ìyàtọ̀ kmalloc sí kzalloc ni ó sọnù sábẹ́ àmì kan ṣoṣo yẹn. Lóòótọ́, láti 2020 ni GCC, ètò tí ń sọ èdè C di èdè ẹ̀rọ, ti ń gba orúkọ tí ó ní àmì ní tààrà. Ṣùgbọ́n kò sí àmì ẹyọ kan nínú Unicode fún ẹ́. Ènìyàn lè fi ohùn sórí ẹ, ó sì lè fi ìsàlẹ̀ sí é, kí ojú má mọ ìyàtọ̀. Python ń sọ méjèèjì di ọ̀kan kí ó tó kà wọ́n. Ní ti C, orúkọ méjì ni wọ́n. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí àmì wà ní pípé nínú ìwé ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì yan ọ̀rọ̀ tí kò ní yí padà bí àmì bá bọ́ lórí rẹ̀. Ofifo, ibeji àti yalo kò ní ẹlòmíràn tí wọ́n lè jọ níhìn-ín. Gba ní.

Àwọn kan yóò sọ pé asán ni gbogbo èyí, pé Linux kò ní yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yorùbá láéláé. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó yí i padà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èkejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, kò yí orúkọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kankan padà ní Lọ́ńdọ̀nù; ohun tí wọ́n ṣe ni pé olùkọ́ èdè lè dúró níwájú kíláàsì, kí ó sì fi Yorùbá ṣàlàyé Yorùbá. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kò tíì ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwọn orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí pàápàá kò yé àwọn tí wọ́n ni Gẹ̀ẹ́sì tán: lẹ́tà c tí ó bẹ̀rẹ̀ calloc, iṣẹ́ tí ó ti wà nínú Unix ẹ̀dà keje ní 1979, àwọn kan ní ìnùmọ́ ni ó dúró fún, àwọn kan ní kíkà ni. Ọmọ ilé-ìwé ní Ìbàdàn ń há a sórí bí ọfọ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀ fún àwọn tí yóò tẹ̀ síwájú. Àwọn olùkọ̀wé Linux máa ń fi ìlà ìsàlẹ̀ méjì síwájú orúkọ iṣẹ́ kan, bí i ti __alloc_pages, láti kìlọ̀ pé inú lọ́hùn-ún ni ó wà, pé kí àlejò má ṣe ké sí i bí kò bá mọ ohun tí ó ń ṣe. Ìlà kò ní ohùn, olùkọ́ kò sì lè pè é ní kíláàsì. Agbo-ilé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àlejò lè jókòó sí, ó sì ní ìyẹ̀wù tí ẹlòmíràn kì í wọ̀. Yálò_ojú_ìwé lè wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyẹ̀wù_yálò_ojú_ìwé ni ti inú. Ó gùn díẹ̀, àwọn tí ń tẹ kóòdù yóò sì ráhùn. Kí wọ́n gbé èyí tí ó kúrú jù ú wá, bí kìlọ̀kìlọ̀ inú rẹ̀ kò bá ti sọnù.